Iṣẹ́ Tí Ọláníran Kò Jẹ́ Tán

Bí ẹnikẹ́ni bá bi àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ọ̀gbìn kan tó wà ní Kàbà nígbà náà pé ta ni ipò rẹ̀ kéré jù láàárín wọn, Ọláníran ni gbogbo wọn yóò nawọ́ sí. Bí ó bá tún bi wọ́n pé ta ni wọn kò lè ṣe aláìní, wọn yóò kọ́kọ́ wolẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n tó tún nawọ́ sí ẹni kan náà. Ìránṣẹ́ ni. Ọmọ Ìyàrá ni. Ìyá rẹ̀ ń kírun, bàbá rẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun fúnra rẹ̀ a sì jẹ ẹran iléyá, a tún jẹ ìrẹsì Kérésì, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè. Láti ìgbà tí a ṣì ń gba àṣẹ láti Ìlọrin ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n gé wa kúrò lára Kwara, tí wọ́n sọ wá di Kogi, ọ̀pọ̀ fáìlì ló sọnù láàárín Ìlọrin àti Lọ́kọ́ja, àwọn ọ̀gá kan sì sọnù mọ́ wọn. Ọláníran kò sọnù ní tirẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ igi máńgòrò ọ́fíìsì ni ìpínlẹ̀ tuntun náà ti bá a.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì yẹn ni láti kọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé ní bí wọ́n ṣe ń lo ajílẹ̀ àti irúgbìn tuntun. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni kì í gbé Kàbà. Jethro wà ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, Adétutù wà ní Iyamoye, àwọn mìíràn sì fọ́n káàkiri títí dé Ifẹ̀-Olúkòtún. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni Ọláníran máa ń gun alùpùpù ọ́fíìsì tọ̀ wọ́n lọ, tòun ti lẹ́tà nínú àpò aláwọ kan tí gbogbo ọmọdé ojú ọ̀nà mọ̀. Bí ó bá ti ń wọ abúlé ni wọ́n á máa kí i, "Okun o, okun ọ̀nà," òun náà á máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò níṣẹ́ mìíràn láti ṣe láyé.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà kọ́ ni olórí ẹrù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ènìyàn dáadáa ni Ọ̀gá Olúbọ̀dé tó jẹ́ olórí ọ́fíìsì, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò mọ̀ pé ènìyàn dáadáa ló ni òun. Ó lè pe Ọláníran ní òwúrọ̀, kó ní kó sọ fún Jethro pé bí orí rẹ̀ bá pé, kí ìwé ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ dé tábìlì òun ní ọjọ́ Ẹtì. Ọláníran á dé Ayétòrò, á jókòó, á mu omi, á béèrè ọmọ, á béèrè àgbàdo, lẹ́yìn náà ló máa ní Ọ̀gá ń kí Jethro, pé ọkàn Ọ̀gá kò balẹ̀ nítorí ìwé rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń dúró dè, àti pé Ọ̀gá gbà pé kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó tirẹ̀. Jethro á bú Ọ̀gá díẹ̀, á sì kọ ìwé náà lójú ẹsẹ̀. Bí Ọláníran bá padà dé Kàbà, èébú náà á ti di ìkíni. Wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní irọ́, kó pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá gbáko ni ọ́fíìsì yẹn fi wà láìjà, irọ́ yẹn ló sì gbé e ró.

Iṣẹ́ kan tún wà tí kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi gbà á. Bí èèyàn òṣìṣẹ́ kan bá kú nílé, tí ìròyìn náà bá kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì, Ọláníran ni wọ́n ń rán. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ó kọ́ ọ pé ẹnì kan kì í dá gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, pé ẹni méjì ni. Ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ọ, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ dúró kó jẹun tán. Wọ́n á fọgbọ́n ránṣẹ́ sí aládùúgbò kan tó gbọ́njú kó wá jókòó nítòsí. Wọn kò sì gbọdọ̀ dárúkọ ikú rárá. Àìsàn ni wọ́n ń pè é: ara lágbájá kò yá, ó ní kí o wá. Wọ́n á mú un láàárín, wọ́n á bá a délé, inú yàrá níwájú àwọn àgbà ìdílé rẹ̀ ni yóò ti gbọ́ ìyókù.

Bí wọ́n ṣe ṣe é fún Jethro nìyẹn nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní Mọ̀pà. Ọláníran àti Michael ló lọ. Wọ́n bá a nídìí iyán, wọ́n sì jókòó tì í tó fi jẹ iyán náà tán, tí Michael ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù fún un. Ìgbà tó yá, Jethro sọ fún àwọn ènìyàn pé láti ìgbà tí Michael ti bá òun gbé báàgì lòun ti mọ̀. Ó ní òun kàn ń bá wọn lọ bẹ́ẹ̀ ni, pé nítorí èjìká àwọn méjèèjì tó há òun láàárín nínú mọ́tò ni òun kò fi ṣubú.

Michael yìí ni ọ̀rẹ́ Ọláníran jù lọ. Òun ló ń ṣọ́ sítọ̀ tí wọ́n ń kó ajílẹ̀ sí. Ọkùnrin gíga, aláwàdà, tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Òun ni ọkọ Adétutù. Ìjọba tó gba àwọn méjèèjì síṣẹ́ ló fi ọ̀kan sí Kàbà, tó fi èkejì sí Iyamoye, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí wọn kò bẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni Adétutù máa ń wálé, ọjọ́ Ajé ló ń padà. Láàárín ọ̀sẹ̀, Ọláníran ni afárá wọn. Ó ń gbé ọbẹ̀ inú abọ́ lọ, ó ń gbé ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n rán bọ̀, ó ń sọ fún ìyàwó pé Virtue, ọmọ wọn, ti mọ ìwé kà dé ojú ewé kẹwàá. Nígbà tí Michael bá fẹ́ bẹ ìyàwó rẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ kan, á pe Ọláníran sẹ́yìn sítọ̀, á kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní orin, Ọláníran á sì lọ fi tirẹ̀ kún un. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí èyí ju owó oṣù rẹ̀ lọ.

Kogi ti tó ọmọ ọdún méjìlá kí fóònù alágbèéká tó dé Kàbà. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá a kò lè mọ bí inú wa ṣe dùn tó. Ọ̀gá Olúbọ̀dé ni ẹni kìíní tó rà á ní ọ́fíìsì, kò sì pẹ́ tó fi pàṣẹ pé gbogbo òṣìṣẹ́ abúlé gbọ́dọ̀ ní tiwọn. Ó ní kí ni wọ́n tún ń fi epo ṣòfò sí lára alùpùpù, nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan á dé Ifẹ̀-Olúkòtún kí ènìyàn tó jẹ ẹ̀pà mẹ́ta tán. Òótọ́ ló sọ. Wọ́n gbé alùpùpù sí ẹ̀yìn sítọ̀, wọ́n da tapólì bò ó. Ọláníran gbé àpò aláwọ rẹ̀ kọ́ sára ìṣó, ó sì padà sórí bẹ́ǹṣì.

Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Yàrá mẹ́ta péré ni ọ́fíìsì náà ní, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín yàrá kan sí èkejì, síbẹ̀ wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Tẹ́lẹ̀, bí aago mẹ́wàá bá ti lù, gbogbo wọn á pé sábẹ́ máńgòrò láti jẹ àkàrà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń parí ìjà wọn. Báyìí, bí wọ́n bá tilẹ̀ jáde, kálukú á tẹ orí ba, á máa fi àtàǹpàkò tẹ nǹkan. Bíọ́lá, akọ̀wé Ọ̀gá, sọ fún Ọláníran pé òun kò mọ ìgbà tí iṣẹ́ ń parí mọ́. Ọ̀gá lè rántí nǹkan ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, kó sì fi ránṣẹ́. Àwọn tó wà ní abúlé tiẹ̀ burú jù. Ní Iyamoye, àfi kí Adétutù gun àpáta tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ kó tó lè rí nẹ́tíwọ̀kì. Ní agogo méjìlá ọ̀sán gangan ló ń gun ún lójoojúmọ́, kó gba iṣẹ́ tí Ọ̀gá rán, kó sì gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà kò purọ́. Ní ọjọ́ kan, Ọ̀gá ń jẹun lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ kan kọ ọ̀rọ̀ sí Jethro pé òun kò rí ìwé rẹ̀, àbí kò fẹ́ iṣẹ́ náà mọ́ ni. Bó ṣe fi ránṣẹ́ tán ló ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n Jethro wà lóko láàárín àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ nígbà tó kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e délé, ó tún kà á. Bó ṣe ń kà á sí i ni ohùn Ọ̀gá ń le sí i nínú rẹ̀. Kò dáhùn. Ní ìpàdé oṣù, kò kí Ọ̀gá. Ọ̀gá náà bínú pé ta ni Jethro tí kò fi ní kí òun. Nígbà tó fi máa di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn méjèèjì kò sọ ju "mo ti rí i" àti "ó dáa" fún ara wọn mọ́, oorun sì ti dá lójú Jethro. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru. Ọláníran gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó mọ̀ pé ìrìn ọ̀sán kan lórí alùpùpù yẹn ni ìbá ti parí ọ̀ràn náà. Ta ni yóò sọ fún? Kò sẹ́ni tó rán an.

Ìbànújẹ́ tirẹ̀ wá jẹ́ ti ẹni tí a kò lé, tí a kò sì pè. Michael kò nílò afárá mọ́. Ó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ní ọ̀sán, ẹ̀rín rẹ̀ á sì dé abẹ́ máńgòrò. Ọláníran á máa rẹ́rìn-ín bá a, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn ún. Kó tó pẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Lọ́kọ́ja ń ṣe ìwé orúkọ àwọn tí wọn kò wúlò mọ́. Ọ̀gá wá bi í níwájú gbogbo ènìyàn pé ìránṣẹ́ tí kò lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láyé òde òní, kí là ń pè é? Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò sì ní i lọ́kàn láti fi í ṣẹ̀sín.

Ó lọ ra fóònù àlòkù. Bíọ́lá ló kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìka rẹ̀ tóbi jù fún bọ́tìnì náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n. Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, Adétutù ló fi ránṣẹ́ sí, ó kàn kí i pé okun o ni. Èsì dé kí ọjọ́ tó rọ̀, orúkọ ọmọ Ọláníran ló sì fi pè é: "Baba Omoyele, eyin naa ti di oyinbo." Ó fi han gbogbo ọ́fíìsì. Ọjọ́ yẹn, ó rò pé òun ti padà di ènìyàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nígbà òjò ni Michael ṣubú. Kò tíì tó aago mẹ́wàá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ajílẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń gbé àpò kẹrin nígbà tó ní kí wọ́n bu omi fún òun. Kí omi náà tó dé, ó ti wà nílẹ̀. Ọláníran ló gbé orí rẹ̀ lé itan nínú mọ́tò tí wọ́n fi sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, dókítà kò ṣe ju kó fi ọwọ́ kàn án lọ́rùn, kó wo ojú rẹ̀, kó sì mi orí. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni.

Ọ̀gá wà ní Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ náà. Wọ́n pè é. Ó béèrè ìyàwó Michael. Ó ní kí Ọláníran fi àtẹ̀jíṣẹ́ sí i kíá kó máa bọ̀, kí àwọn ará ilé ìwòsàn má baà máa béèrè mọ̀lẹ́bí. Ọláníran ní ẹni méjì ló yẹ kó lọ. Ọ̀gá ní pẹ̀lú alùpùpù wo? Táyà rẹ̀ ti jó, epo kò sí nínú rẹ̀, òjò sì ti ṣú sójú ọ̀nà Iyamoye. Gbogbo èyí jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ kan tún wà tí Ọláníran kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Alùpùpù tí a ń gbà kò wọ́n ní Kàbà, ẹni tó sì lè bá a lọ kò wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ẹnu Michael ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀, kò sì lè ronú kan ojú Adétutù. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ayé rẹ̀, ó rí ibi tó lè fara pamọ́ sí.

Ó kọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Kò dárúkọ ikú. "Iya Virtue, okun o. Ara Michael ko ya die. E maa bo ni Kaba." Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó rí i pé ó mọ́, pé kò sí ọ̀bẹ kankan nínú rẹ̀. Ó fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló sáré lọ sílé Michael láti kó àwọn àgbà jọ, kí wọ́n tẹ́ ẹní, kí wọ́n múra bí a ṣe ń múra.

Ohun tí kò rò ni èyí. Gbólóhùn yẹn, "ara rẹ̀ kò yá," kò dá dúró rí láti ọjọ́ tí àwọn baba wa ti ń sọ ọ́. Ẹni méjì ló máa ń bá a rìn. Wọ́n á di ènìyàn mú kó má sáré, wọn kò ní jẹ́ kó bá àlejò pàdé lójú ọ̀nà, irọ́ kékeré náà á sì máa rọra di òtítọ́ láàárín wọn títí wọn á fi délé. Ọláníran rán irọ́ náà lọ ní òun nìkan. Ẹni tí a bá sì sọ fún pé ara ọkọ rẹ̀ kò yá, tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò ṣe?

Agogo méjìlá lù, Adétutù gun àpáta. Iṣẹ́ náà wọlé. Ó tẹ nọ́ńbà Michael.

Kò sẹ́ni tó rántí fóònù tó wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì òkú. Ó dún ní ilé ìwòsàn, ọmọbìnrin kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gbé e, nítorí kò dáa kí nǹkan máa dún lára òkú. Kì í ṣe ìkà. Wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó dáhùn. Ó ní kí ẹni tó ń pè má bínú, pé ẹni tó ni fóònù náà ti kú láàárọ̀, ó sì béèrè pé, "Ẹ̀yin ta ni?"

Adétutù kò lè sọ bí òun ṣe sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta. Nígbà tó dé Kàbà lẹ́yìn ọlọ́kadà kan, ó ti lé díẹ̀ ní aago méjì, aṣọ rẹ̀ tutù, orúnkún rẹ̀ ti bó, bàtà kan ló sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ti jókòó. Ìyá Michael wà láàárín àwọn obìnrin nínú yàrá. Ọláníran dìde, ó lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n.

"Ìyá Virtue, okun o. Ẹ jókòó ná. Ṣé ẹ ti jẹun? Ara Michael ni..."

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tó ń wo ẹni tí kò mọ̀ rí.

"Mo ti pè é," ló sọ. "Obìnrin kan ló gbé e."

Adétutù gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, igbe sì ta nínú ilé. Wọ́n sin Michael ní ọjọ́ kejì.

Ọ̀gá wá sí ìsìnkú náà, Jethro wá, Bíọ́lá wá. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tó yẹ kí wọ́n máa wá jókòó lórí ẹní lọ́kọ̀ọ̀kan, fóònù ni gbogbo wọn fi kẹ́dùn. Fóònù Adétutù kò yé dún. Ẹnì kan fi ẹsẹ̀ Bíbélì ránṣẹ́, ẹlòmíràn fi "e pele" lásán. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó pa fóònù náà, ó fi lé Bíọ́lá lọ́wọ́, kò sì gbà á padà. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ó padà sí Iyamoye.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá fara dà á fún oṣù kan. Nígbà tí ìwé dé láti Lọ́kọ́ja pé wọ́n ti gbé Adétutù wá sí Kàbà, kó lè máa gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ohun tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti bẹ̀bẹ̀ fún tí wọn kò rí gbà, kò sí ọ̀nà tí wọ́n fi lè sọ fún un. Ọ̀gá pe Ọláníran wọlé. Kò pariwo. Ó ní wọ́n ti lẹ táyà alùpùpù, epo sì ti wà nínú rẹ̀. Ọláníran gba lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ń bẹ̀rù láyé yìí tó Iyamoye.

Ó bá a lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń ṣa èpò lára irúgbìn inú ike. Onílé rẹ̀, ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kíkẹ́lọmọ, ń bó ẹ̀gẹ́ lókèèrè. Ọláníran kí wọn. Ìyá arúgbó dá a lóhùn. Adétutù gba lẹ́tà, ó kà á, ó tọwọ́ bọ ìwé tó fi hàn pé ó ti rí i gbà, ó sì padà sídìí irúgbìn rẹ̀. Kò bu omi fún un. Láti ọjọ́ tí Ọláníran ti ń dé abúlé yìí, ẹnikẹ́ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí i rí.

Kò lè lọ. Ó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Oòrùn yí kúrò lórí òrùlé, ó ṣì wà níbẹ̀, kò sì mọ ohun tó ń dúró dè. Nígbà tó yá, Adétutù sọ̀rọ̀ láìgbé ojú sókè.

"Bàbá Ọmọ́yẹlé, títí di òní, kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ọkọ mi kú."

Ó ju èpò ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Michael rò pé ẹ̀yin ti sọ ọ́. Ẹ̀yin rò pé mo ti mọ̀. Àwọn àgbà ní kí n pẹ̀lẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó sọ ọ́ fún mi kò mọ̀ mí, ó ní ta ni mí."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ó yíjú sí ibi tí ìyá arúgbó wà, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá jókòó tì mí." Ìyá Kíkẹ́lọmọ fi ọ̀bẹ sílẹ̀, kò béèrè nǹkan kan. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Nígbà náà ni Adétutù gbé ojú sókè wo Ọláníran.

"Tọ̀. Ẹ sọ ọ́ báyìí."

Ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà yí ikú po láìdárúkọ rẹ̀, Ọláníran mọ gbogbo rẹ̀. Kò lo ọ̀kankan. Ó sọ bí Michael ṣe dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, bó ṣe ń fi Bíọ́lá ṣẹ̀fẹ̀, iye àpò tó gbé, omi tó béèrè. Ó sọ bí orí rẹ̀ ṣe wúwo tó lórí itan òun. Ó ní, "Adétutù, Michael ti kú. Ọwọ́ mi ló kú sí. Èmi ló yẹ kí n wá sọ fún yín, ẹ̀rù ojú yín bà mí, mo sì fi fóònù ṣe é."

Obìnrin náà béèrè bóyá ó sọ nǹkan kan.

Ọláníran ní ó sọ ọ́. Ó ní nínú mọ́tò, kó tó dákẹ́, ó bi òun lẹ́ẹ̀mejì bóyá aago méjìlá ti lù.

Adétutù tẹ̀ síwájú títí orí rẹ̀ fi kan orúnkún ìyá arúgbó náà, ó sì sunkún bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí rẹ̀ lọ́sàn-án yẹn. Ọláníran sọ̀ kalẹ̀ láti orí odó, ó lọ jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì. Kò sí ẹni tó ní kó dákẹ́.